Bí wọ́n ṣe wọn ojú mi bí ẹni wọn ilẹ̀

Kùkùté igi ni mo ń juwọ́ sí. Inú igbó kan lẹ́yìn Kuje la wà, iṣẹ́ sọ̀fẹ́yọ̀ ni mò ń ṣe, mo sì ti ń fi awò ojú ṣe é láti ọjọ́ tí mo ti wọnú iṣẹ́ náà. Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ kí n tún ẹsẹ̀ ẹ̀rọ ṣe, òógùn mú awò yọ̀ lórí imú mi, ó bọ́, bàtà èmi fúnra mi ló sì tẹ̀ ẹ́ fọ́. Mo gbójú sókè, mo rí Músá, ọmọkùnrin tó máa ń bá mi di ọ̀pá mú. Mo juwọ́ sí i pé kó sún sápá òsì. Kò mira. Mo pariwo mọ́ ọn, kò mira. Àfi bí Músá ṣe dáhùn lẹ́yìn mi gan-an: "Oga, ga ni nan." Èmi rèé níbí, ló ń wí. Ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀.

Ojú ọ̀tún mi jẹ́ -5.50, ti òsì jẹ́ -5.25. Ẹni tí kò bá mọ ìtumọ̀ irú nọ́ńbà yìí, kó mú 100, kó fi nọ́ńbà náà pín in. Iye sẹ̀ǹtímítà tí ojú náà lè rí kedere láìsí awò ni yóò jáde. Tèmi jẹ́ 18. Kò tó gígùn rúlà ọmọ ilé-ìwé. Ohun tó bá ti kọjá ibẹ̀, kùrukùru ni.

Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni mo sọ fún ìyàwó mi pé mo fẹ́ lọ ṣe lésà, iná tí wọ́n fi ń tún ojú ṣe kí ènìyàn lè bọ́ awò sílẹ̀. Ó ní ṣé ojú tí mo fi ń bọ́ wọn ni mo fẹ́ kí wọ́n fi iná jó. N ò dá a lóhùn, torí ẹ̀rù ń ba èmi náà.

Ilé ìwòsàn kan tí pátákó rẹ̀ tóbi ni mo kọ́kọ́ yà sí láàárín ìgboro Àbújá. N ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọkùnrin kan ní kí n yọ lẹ́ǹsì mi, awò fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ẹyinjú, kí n ka lẹ́tà ara ògiri, ó ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan tó fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú, ó wá bi mí pé ọjọ́ wo ló rọ̀ mí lọ́rùn. Gbogbo rẹ̀ kò gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lọ. LASIK ni, irú lésà kan, ó ní, ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ ni. Mo béèrè owó. Iye tó wà lára pátákó ni mo ti ń tọ́jú láti oṣù mélòó kan, ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé iye ojú kan ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ojú kan! Bí ẹni lọ ra bàtà tí wọ́n wá ní ẹsẹ̀ òsì nìkan ni wọ́n dá iye lé. Inú bí mi, àmọ́ kì í ṣe owó ló lé mi kúrò níbẹ̀. N ò tíì rí sọ̀fẹ́yọ̀ tó fi ojú lásán wo ilẹ̀, tó sì ní kí wọ́n máa gbin òpó ààlà.

Ilé kejì, nígbà tí mo pè wọ́n lórí fóònù, ohun àkọ́kọ́ tí wọ́n bi mí ni bóyá mo ń lo lẹ́ǹsì. Mo ní mò ń lò ó bí mo bá ń lọ òde. Wọ́n ní kí n má fi sójú fún ọ̀sẹ̀ méjì gbáko kí n tó wá, àti pé ká ní irú lẹ́ǹsì líle ni, yóò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Lẹ́ǹsì a máa tẹ awọ iwájú ojú mọ́lẹ̀. Bí ẹni wọ̀n ọ́n ní àkókò yẹn, irọ́ ni ẹ̀rọ yóò kọ sílẹ̀. Wọ́n tún ní kí n mú ìwé awò mi àtijọ́ dání, kí wọ́n lè rí i pé nọ́ńbà náà kò yí fún ó kéré tán ọdún kan. Dókítà obìnrin tó ni ibẹ̀ sọ fún mi lẹ́yìn náà pé òun máa ń dá àwọn ọmọ yunifásítì tó wà ní ọdún mọ́kàndínlógún padà sílé, torí ojú wọn ṣì ń rìn. Àwọn aláboyún àti ìyá tó ń fọ́mọ lọ́mú náà, yóò ní kí wọ́n ṣe sùúrù.

Ọjọ́ tí mo lọ, n ò kúrò níbẹ̀ títí oòrùn fi wọ̀. Wọ́n fi bébà tóóró kan há mi ní ìpéǹpéjú ìsàlẹ̀ fún ìṣẹ́jú márùn-ún láti wo bí omi ojú mi ṣe pọ̀ tó: ó rin dé mìlímítà 11. Bí kò bá tó 10, wọ́n á máa fura pé ojú náà gbẹ. Wọ́n kán oògùn tó ń la ọmọlójú, wọ́n tan iná sínú ẹyinjú mi láti wo awọ ẹ̀yìn rẹ̀ káàkiri etí. Ìdí ni pé lésà kì í gé ẹyinjú kúrú. Ojú bíi tèmi, gígùn ló gùn jù. Ìmọ́lẹ̀ á ti pàdé ara rẹ̀ kó tó dé awọ ẹ̀yìn tó yẹ kó balẹ̀ sí. Ohun tí lésà ń ṣe ni pé ó ń bá wa tẹ́ awọ mímọ́ gaara tó wà níwájú, èyí tí wọ́n ń pè ní cornea, kí ìmọ́lẹ̀ lè rìn jìnnà sí i. Ẹyinjú gígùn náà ṣì wà bó ṣe wà, ewu kí awọ ẹ̀yìn rẹ̀ já tàbí kó ṣí kúrò lára ògiri ṣì wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Bí ẹ bá ń rí i pé iná ń kọ mànà lójú yín, tí ohun dúdú wẹ́wẹ́ ń rọ̀ bí òjò, ẹ gba ilé ìwòsàn lọ lọ́jọ́ náà gan-an, ì báà jẹ́ ẹ ti ṣe lésà tàbí ẹ ò ṣe é.

Ẹ̀rọ tó wá tẹ̀lé e ni mo fẹ́ràn jù. Mo wo inú iná aláwọ̀ aró kan fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, nǹkan jáde lórí kọ̀ǹpútà, mo sì bú sẹ́rìn-ín. Máàpù ni! Pupa níbi tó ga, ewé níbi tó wà láàárín, aró níbi tó tẹ́, ìlà òkè àti pẹ̀tẹ́lẹ̀ bí èyí tí mo máa ń yà fún àwọn oníbàárà mi. Mo wọ́ àga mi sún mọ́ ọn. Dókítà ń wá òkè níbi tí kò yẹ kí òkè wà, pàápàá ní ìdajì ìsàlẹ̀. Àwọn kan wà tí awọ iwájú ojú wọn ń tínrín tó sì ń yọ ṣóńṣó síta díẹ̀díẹ̀ láìmọ̀. Lésà yóò sọ tiwọn di ìbàjẹ́ tí awò kò ní lè tún ṣe. Lẹ́tà ara ògiri kò lè fi í hàn. Mo rántí ọmọkùnrin oníṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ara mi sì bù máṣọ.

Tèmi tẹ́jú dáadáa, àmọ́ ó tínrín: máíkírọ́ọ̀nì 498 lọ́tùn-ún, 503 lósì. Ti ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń tó nǹkan bíi 540, àwa ọmọ Áfíríkà a sì máa tínrín jù bẹ́ẹ̀ lọ díẹ̀. Máíkírọ́ọ̀nì ẹgbẹ̀rún kan ló wà nínú mìlímítà kan. Ìdajì mìlímítà ni gbogbo ilẹ̀ tí a fẹ́ pín.

Dókítà yí ìwé kan padà, ó sì bá mi ṣírò rẹ̀. Fún ojú tí a bá fẹ́ tẹ́ ní fífẹ̀ mìlímítà mẹ́fà, nǹkan bíi máíkírọ́ọ̀nì 12 ni lésà ń jẹ fún nọ́ńbà kọ̀ọ̀kan. Àwọn ẹ̀rọ kan ń jẹ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi jẹ́ 5.50, ó jẹ́ 66. Ní ti LASIK, wọ́n á kọ́kọ́ gé ìdérí kan lára awọ ojú náà, wọ́n á ṣí i bí ẹni ṣí ojú ìwé láì já a kúrò, lésà á jẹun lábẹ́ rẹ̀, wọ́n á sì dá a padà. Ìdérí yẹn á mú 110 lọ. 498, ẹ yọ 110, ẹ yọ 66: ó ku 322. Ìsàlẹ̀ tó yẹ kó kù kò gbọ́dọ̀ dín sí 250, dókítà fúnra rẹ̀ kì í fẹ́ kó dín sí 300. Nítorí náà LASIK kọjá lẹ́nu ọ̀nà, àmọ́ èjìká rẹ̀ ń kan férémù. Bí ojú náà bá sì fẹ́ àtúnṣe lọ́jọ́ iwájú, kí la máa gé?

Ó wá bi mí ní ìbéèrè tí ẹnikẹ́ni kò bi mí rí: "Ṣé nǹkan máa ń gbá yín lójú níbi iṣẹ́?"

Ṣé nǹkan máa ń gbá mi lójú! Ẹ̀ka igi ni oúnjẹ òòjọ́ wa. Ẹni tó ń lànà níwájú á jù ú sílẹ̀, á ta padà, á gbá ẹni tó wà lẹ́yìn. Dókítà ní ìdérí LASIK a máa lẹ̀ padà, àmọ́ kì í di ọ̀kan ṣoṣo pẹ̀lú ìsàlẹ̀ rẹ̀ bíi ti tẹ́lẹ̀, ohun tó bá gbá ojú gidi gan-an lè yí i nípò kódà lẹ́yìn ọdún díẹ̀. Fún ẹni tó jókòó sí ọ́fíìsì, kò jẹ́ nǹkan. Fún ajàkàdì, sójà, àti èmi, ó jẹ́ nǹkan.

Mo béèrè SMILE, nítorí òun ni gbogbo ènìyàn ń sọ. Èyí kò ní ìdérí. Lésà á gé ìpele tín-ín-rín kan sínú awọ ojú bí èèpo àlùbọ́sà, dókítà á wá gba ojú ihò mìlímítà méjì sí mẹ́rin fà á jáde. Àjọ FDA ti Amẹ́ríkà, tó ń yẹ oògùn àti ẹ̀rọ ìwòsàn wò, fọwọ́ sí i ní 2016. Ó sàn fún ojú tó máa ń gbẹ, torí iṣan tó ń gé kò pọ̀ tó ti LASIK. Ó wù mí gan-an. Àmọ́ ilé ìwòsàn méjèèjì tí mo wọ̀ kò ní ẹ̀rọ rẹ̀, wọ́n ní kí n lọ sí Íńdíà. Mo ro físà, mo ro tíkẹ́ẹ̀tì, mo wá ro èyí tó burú jù: ta ni yóò máa wo ojú náà bí mo bá ti padà sí Kubwa? Ìtọ́jú ẹ̀yìn iṣẹ́ ló gùn ju iṣẹ́ lọ.

Ọ̀nà míì tún wà, lẹ́ǹsì tí wọ́n ń kì sínú ojú gan-an, tó ṣeé yọ bí ó bá di dandan. Àwọn tí nọ́ńbà wọn pọ̀ gan-an tàbí tí awọ ojú wọn kò tó ni wọ́n fi sílẹ̀ fún. N ò tẹ̀ lé e dé ọ̀nà jíjìn, torí wọ́n á wọnú ẹyinjú, owó rẹ̀ sì ju gbogbo àwọn tó kù lọ.

Ó ku PRK, tó dàgbà jù nínú wọn, tí FDA ti fọwọ́ sí láti 1995. Kò sí ìdérí níbẹ̀. Wọ́n á họ awọ fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ òkè pátápátá kúrò, lésà á jẹun tààrà, awọ náà á hù padà fúnra rẹ̀. Fún tèmi, 432 ló máa kù, ẹ̀ka igi kò sì ní ìdérí tí yóò ṣí. Ohun tí ẹ máa san ni ìrora àti sùúrù. Lésà yìí kan náà, ẹran tòlótòló ni wọ́n kọ́kọ́ fi dánra wò: ní 1981, onímọ̀ kan ní ilé-iṣẹ́ IBM mú ìyókù tòlótòló ọdún dé ibi iṣẹ́, lésà gé e mọ́nránmọ́nrán láì jó etí rẹ̀. Ìyàwó mi kò fẹ́ gbọ́ ìtàn yẹn rárá.

Nígbà tí mo tún ń lọ lẹ́ẹ̀kejì, ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tẹ̀lé mi. Télọ̀ ni ní Mararaba, ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, -3.00 lójú méjèèjì. Ó ti gba àjọ rẹ̀, owó wà lọ́wọ́. Dókítà wo ìwé rẹ̀, ó ní, "Ma, ẹ ní abẹ́rẹ́ lára?" Télọ̀ tó bá ní òun kò ní abẹ́rẹ́ lára, irọ́ ló ń pa, ó há sí ọrùn aṣọ rẹ̀ pẹ̀lú òwú lẹ́gbẹ̀ẹ́. Dókítà ní kó bọ́ awò rẹ̀, kó ki òwú bọ abẹ́rẹ́ náà. Kíá, ó ti wọlé. Ó ní kó wá fi awò padà sójú, kó tún un ṣe. Ẹ̀gbọ́n mi na apá síwájú, ó fà á padà, ó ṣẹ́jú, ó fi itọ́ sẹ́nu òwú, ó tún na apá. Òwú ń gba ẹ̀gbẹ́ abẹ́rẹ́ lọ.

"Bí ojú yín ṣe máa rí lẹ́yìn lésà nìyẹn," ni dókítà wí. "Ẹ máa rí bọ́ọ̀sì láti ọ̀ọ́kán, ẹ máa wá fi awò ránṣọ."

Ọjọ́ orí ló fà á. Ohun tó ń jẹ́ kí ojú rí tòsí a máa le bí ènìyàn bá ti ń kọjá ogójì, lésà kò sì lè dá a dúró. Ó ní àwọn kan máa ń ṣe ojú kan fún ọ̀ọ́kán, kí wọ́n fi ìkejì sílẹ̀ fún tòsí, kó ronú sí i. Ẹ̀gbọ́n mi ti ń ki abẹ́rẹ́ padà sọ́rùn aṣọ. "Àjàní," ó ní, "dìde jẹ́ ká lọ. Wọ́n fẹ́ gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi."

Òun náà ló rán mi létí ọ̀rọ̀ ìyá wa kí a tó jáde. Ìyá wa wà ní Ọ̀fà, glaucoma, àìsàn tó ń jẹ iṣan ojú, tí ìfúnpá inú ojú sì máa ń dá kún, ti mú ẹ̀gbẹ́ ojú wọn lọ, alaalẹ́ ni wọ́n ń kán oògùn. N kò tíì sọ ọ́, torí mo rò pé kò kan tèmi. Dókítà gbé bírò sílẹ̀. Ó bi mí bóyá ẹnì kankan tún ní i nínú ẹbí, ó yẹ iṣan ojú mi wò lákọ̀tun, ó wọn ìfúnpá inú ojú mi lẹ́ẹ̀mẹta: 15, 16, 15. Ó ní kò sọ pé kí n má ṣe é, àmọ́ nǹkan méjì ni mo gbọ́dọ̀ mọ̀. Àkọ́kọ́, oògùn steroid, èyí tó ń dẹ̀rọ̀ wíwú, tí a ń kán lẹ́yìn PRK lè gbé ìfúnpá sókè lára àwọn ènìyàn kan, àwọn ọmọ onílé glaucoma sì pọ̀ nínú wọn. Èkejì le ju bẹ́ẹ̀ lọ: ẹ̀rọ tó ń wọn ìfúnpá, awọ iwájú ojú ló ń tẹ̀. Bí awọ náà bá ti tínrín, yóò rọ̀ lábẹ́ ẹ̀rọ, nọ́ńbà tó máa jáde yóò kéré ju òótọ́ lọ. Ẹni tí kò mọ̀ pé mo ti ṣe lésà lè máa kí mi kú oríire nígbà tí àìsàn ń jẹ iṣan ojú mi.

Mo ní kó kọ gbogbo nọ́ńbà náà fún mi, ti kí a tó ṣe é àti ti ẹ̀yìn rẹ̀, kó sì fi sítáǹpù lù ú.

Inú oṣù kẹfà la ṣe é. Mo mọ̀ọ́mọ̀ sá fún ọyẹ́ ni. Ẹni tó bá mọ eruku oṣù kìíní ní Àbújá kò ní bi mí ní ìdí. Kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀, mo bi nọ́ọ̀sì pé bí NEPA bá mú iná lọ ńkọ́. Ó ní gbogbo ọmọ Nàìjíríà ló ń béèrè bẹ́ẹ̀. Inverter ló gbé ẹ̀rọ náà, jẹnẹrétọ̀ sì ti ń ṣiṣẹ́ láti àárọ̀. Oògùn mú ojú mi kú tipiri. Wọ́n fi irin kékeré la ìpéǹpéjú mi sílẹ̀, nǹkan tútù dà sójú, mo rí ohun kan tó ń họ kiri bíi búrọ́ọ̀ṣì. Kò dùn mí, àmọ́ iná tí mò ń wò fọ́ sí wẹ́wẹ́. Dókítà ní kí n má gbójú kúrò. Tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀-tẹ̀, òórùn bí ìgbà tí irun bá jó. Kò tó ìṣẹ́jú kan lójú kan. Wọ́n fi lẹ́ǹsì kan bo ojú náà bí báńdéèjì, mo sì fẹsẹ̀ ara mi rìn jáde.

Ọjọ́ kejì ni ata dé. Kò sí ọ̀rọ̀ míì fún un: bí ẹni gún ata rodo tó sì fi ọwọ́ náà ra ojú. Ìyàwó mi fi ankara bo fèrèsé yàrá, mo tún fi ìrọ̀rí bo orí. Ọmọ mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ní, "Daddy, ṣé ẹ ń sunkún ni?" Omi ojú mi ń ṣàn dé etí, n ò lè purọ́ fún un. Ọjọ́ kẹrin ó dínkù, ọjọ́ karùn-ún wọ́n yọ lẹ́ǹsì náà. Mo rí pátákó tó wà níwájú ilé ìwòsàn, àmọ́ bí ẹni ń wo nǹkan láti inú ọọru ìkòkò.

Ó pẹ́ bẹ́ẹ̀ ju bí mo ṣe lérò lọ. Ọ̀rẹ́ mi kan ní Gwarinpa ti ṣe LASIK. Ọjọ́ kejì tirẹ̀ ló ti ń ka nọ́ńbà ọkọ̀. Èmi, ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ṣì ń sọ fóònù di lẹ́tà ńlá, mo sì ń rò ó lóru pé wọ́n ti jẹ owó mi. Ọ̀sẹ̀ kẹfà ni mo tó padà sínú igbó, pẹ̀lú awò dúdú, torí oòrùn lè mú kí ojú PRK ṣe kùrukùru. Músá dúró lọ́ọ̀ọ́kán, mo rí bọ́tìnnì ṣẹ́ẹ̀tì rẹ̀. N ò juwọ́. Mo kàn ń wò ó.

Iná ọkọ̀ lálẹ́ lójú títì Kubwa ṣì ń tan bí ìràwọ̀ díẹ̀ títí di òní, ó ti dínkù gan-an. Ọyẹ́ àkọ́kọ́, oògùn omi ojú kò kúrò lápò mi. Nǹkan tó já mi láyà ni ìfúnpá: ní ọ̀sẹ̀ kẹrin ojú ọ̀tún gun 23. Dókítà pa oògùn steroid dà kíákíá sí èyí tó fúyẹ́, ó fi oògùn míì kún un, ó sì sọ̀ kalẹ̀. Ká ní n ò dárúkọ ìyá mi, oṣù mélòó ni wọn ì bá fi wọ̀n ọ́n?

Lóṣù tó kọjá, mo yà sí ibi àyẹ̀wò ojú kan nítòsí ilé, torí ọdọọdún ni mo ní láti wọ̀n ọ́n. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà níbẹ̀ fẹ́ atẹ́gùn sí mi lójú, ó ní, "Mẹ́tàlá, sà. Ó dára gan-an." Ó ti ń pe ẹni tó kàn. Mo mú ìwé onísítáǹpù náà jáde nínú àpò mi, mo tẹ́ ẹ síwájú rẹ̀, mo fi ìka sí 498, mo fà á dé 432. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó tún un kà.

"Ẹ jọ̀wọ́ sà," ó ní, "ẹ padà jókòó."